Ta Ló Ní Kò Sí Sípíà Rẹ̀ Mọ́?

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fi ń pa ọkọ̀ àtijọ́ ní ìlú wa: "Kò sí sípíà rẹ̀ mọ́." Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí létí kì í sábà béèrè nǹkan kan mọ́. Pijó 504 tí bàbá fi sílẹ̀ kọlu igi, fẹ́ńdà rẹ̀ ká kò. Mẹkáníìkì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí, ó sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún náà. Ìjàpá Volkswagen tí ìyá àgbà fi ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbà ayé rẹ̀ wọ inú omi. Àwọn aládùúgbò ti sọ ọ́ kí mẹkáníìkì tó dé. Kò ní pẹ́ tí àwọn tó ń ra pàǹtí irin á fi ti ọmọlanke wọn dé ẹnu ọ̀nà. Wọn á gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, wọn á gé ọkọ̀ náà wẹ́wẹ́, wọn á san owó kílò, wọn á lọ. Gbogbo ilé á sì gbà pé ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Èmi kò gbà. Sípíà wà. Àwa fúnra wa ni à ń tà á ní kílò, tí a tún ń sọ pé a kò rí i. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọgbọ́n, pé kí á tètè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́, òun gan-an ló dá ọ̀wọ́n tí wọ́n ń ráhùn nípa rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí á ṣi ara wa gbọ́: mi ò sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ìṣòro ní ilẹ̀ yìí. Àwọn mẹkáníìkì wa ti fi ẹ́ńjìnnì Toyota sínú ohun gbogbo tó ní táyà. Ara ọkọ̀ ni mò ń sọ: bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà, ilẹ̀kùn, búùtù, páànù ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ohun tó ń jẹ́ kí á rí ọkọ̀ lókèèrè kí á mọ̀ pé 504 ni, kì í ṣe ohun mìíràn.

Gadumo, ní Lókòjà wa níbí, ló yẹ kí á ti ja ìjà yìí, nítorí pé omi mọ ọ̀nà ibẹ̀. Lókòjà ni odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, nígbà tí àwọn méjèèjì bá sì kún lẹ́ẹ̀kan náà, Gadumo, Adankolo, Ganaja àti Kabawa ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Ní 2012, omi lé àwọn ènìyàn kúrò nílé, ó sì gé ọ̀nà Àbújá ní ìhà Koton Karfe. Ní 2022 ó padà wá, ó ga ju ti 2012 lọ, ó sì tún gé ọ̀nà kan náà. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ń rìn á wà á lọ sí orí òkè. Èyí tí kò rìn, èyí tí wọ́n gbé sórí búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà tí wọ́n ń sọ pé "à ń bọ̀ wá tún un ṣe", òun ni omi ń bá nílé. Ọkọ̀ àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú irú wọn.

Ẹ wo ohun tí omi ń ṣe gan-an, nítorí àwọn tó ń sọ pé ọkọ̀ tó rì ti kú kì í farabalẹ̀ wò ó. Omi odò kì í ba ọkọ̀ jẹ́ dọ́gba. Bí ó bá ga dé ìjókòó, ó ti ba wáyà jẹ́, ó ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó sì ti ba ilẹ̀ ọkọ̀ jẹ́. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ibi jù ni àwọn irin oníhò tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàsì, torí omi máa ń gbé ẹrẹ̀ lọ síbẹ̀. Omi á lọ, ẹrẹ̀ kò ní lọ. Ẹrẹ̀ yẹn á máa di ọ̀rinrin mú, irin á sì máa dípẹtà láti inú wá sí ìta, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ bá rí i lójú ọ̀dà ni inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé ńkọ́? Bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìdérí búùtù, gíláàsì iwájú, gíláàsì ẹ̀yìn, ojú iná, ìlàjì òkè ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Omi kò dé ibẹ̀. Ohun tó kù lẹ́yìn ìkún omi ni ìdajì ọkọ̀ tó dára.

Ní ìdà kejì, ọkọ̀ tí tírélà gbá lójú ní ìkóríta Ganaja, ìdajì mìíràn ni ó kù: iwájú rẹ̀ ti lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á rí i pé òkú méjèèjì yìí lè di alààyè kan. Òṣùwọ̀n kò mọ èyí. Lójú òṣùwọ̀n, bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 tí kò ní ìpẹtà kankan àti ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti di kòǹkò, owó kan náà ni wọ́n. Bí a bá ṣe tán láti jẹ́ kí òṣùwọ̀n máa dá iye fún wa, kí á má máa dá ọjà lẹ́bi.

Wọ́n á ní ọkọ̀ náà ti pẹ́ jù, pé ibo ni ènìyàn fẹ́ ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀. Ibo? Níbí! Àṣà wa ni láti máa sọ̀rọ̀ Pijó àti Volkswagen bí ẹni pé láti òkè òkun ni wọ́n ti fò wá bà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria ṣí ní Kàdúná. Oṣù kan náà ni ti Volkswagen ṣí ní ọ̀nà Badagry ní Èkó. Ọkọ̀ 504 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Faransé ní 1968, tí Faransé sì dáwọ́ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ dúró ní 1983, Kàdúná ṣì ń tò ó wọ inú àwọn ọdún 2000. Ó lé ní ogún ọdún tí àwa fi ń tò ó lẹ́yìn tí àwọn tó ni ín ti gbàgbé rẹ̀! Ọ́fíìsì ìjọba kò sí tí kò ní in. Àwọn tó ń ti Benin lọ sí Kàdúná àti Kánò gba Lókòjà kọjá nínú ẹlẹ́nu gígùn yẹn, 504 station wagon, èrò méje, ẹrù lórí. Ọkọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan wá sọ pé fẹ́ńdà rẹ̀ kan kò sí mọ́ láti Badagry títí dé Maiduguri? Ó yẹ kí onítọ̀hún sọ ibi tó wá a dé.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rọrùn láti wá. Fẹ́ńdà iwájú 504, bóòtù ni wọ́n fi dè é, wọn kò jó o mọ́ ara. Ti ayọ́kẹ́lẹ́, ti ẹlẹ́nu gígùn àti ti píkọ́ọ̀pù bá ara wọn mu níwájú. Ẹ̀yìn ni ìyàtọ̀ wà. Nítorí náà ẹni tó ń wá fẹ́ńdà ayọ́kẹ́lẹ́ lè rí i lára píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó iṣu ní abúlé. Ti Ìjàpá tún rọrùn ju èyí lọ. Fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ni a lè tú pẹ̀lú sípánà, bóòtù bíi mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ara rẹ̀ pàápàá, orí ilẹ̀ irin ni wọ́n gbé e lé tí wọ́n fi bóòtù dè. Ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀ kí ti ìkẹyìn tó jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní oṣù Agẹmọ 2003. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí olùwá ṣọ́ ni ọdún: fẹ́ńdà iwájú tó wà kí wọ́n tó yí ojú iná rẹ̀ padà fún ọkọ̀ ti 1968 kò bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Ẹni tó bá ra èyí tí kò bá a mu á padà wálé wá ní kò sí sípíà.

Èyí tó le gan-an ni Igala. Ọkọ̀ Brasilia ti àwọn ará Brazil ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin, tí Volkswagen ń tò ní Èkó lórúkọ ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ wa. Ó yẹ kí ọ̀kan wà ní gbangba ní Lókòjà kí àwọn ọmọdé máa rí i. Mi ò mọ ibi tí ọ̀kan wà. Àwọn òṣùwọ̀n ti ṣiṣẹ́ wọn dáadáa lórí ìyẹn.

Níbo ni irin yẹn ń lọ? Ọ̀pọ̀ ń lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ pàǹtí irin ní agbègbè Ìkòròdú àti Ògijó, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fà á di ọ̀pá irin tí à ń fi kọ́ dẹ́kì. Mi ò bínú sí wọn; ìlú nílò ọ̀pá irin, àwọn ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke sì ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé ìyọ́rin ní, kò ní ọ̀nà àbọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ti wọ iná kì í jáde ní bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́. Ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i ni pé Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gba kí ọkọ̀ àlòkù tó ti ju ọdún 12 lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹnikẹ́ni kò lè lọ ra òkú 504 ní Cotonou tàbí ní Marseille kó gbé e wọlé lọ́nà òfin láti tú u. Ìwọ̀nba tó wà lórí ilẹ̀ wa ló wà. Ẹni tó ń ta ìwọ̀nba yẹn ní kílò tó wá ń sunkún pé ọjà gbẹ, bí ẹni tó pa adìyẹ tó ń yé jẹ tó wá ń wá ẹyin ni.

Nígbà tí wọn kò bá rí èsì sí èyí, wọn á gbé Ajaokuta kalẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Lókòjà kò lè sọ̀rọ̀ irin kí ẹnì kan má dárúkọ Ajaokuta: "Ká ní Ajaokuta ń ṣiṣẹ́ ni, à bá máa ṣe ara ọkọ̀ wa fúnra wa." Ó dùn ún gbọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìpele kìn-ín-ní tí àwọn ará Soviet ya àwòrán rẹ̀ fún wa, èyí tó yẹ kó máa ṣe mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún tọ́ọ̀nù lọ́dún, irin gígùn ló wà fún: ọ̀pá, wáyà, irin ilé. Irin pẹlẹbẹ, èyí tí à ń fi ṣe páànù ọkọ̀, ìpele kejì ni wọ́n fi í sí, ẹ sì mọ ibi tí ìpele kìn-ín-ní wà. Ká tiẹ̀ ní ó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣèlérí rẹ̀, ọ̀pá ni ì bá máa kó fún wa. Ní ọjọ́ tí Kàdúná àti Èkó ń ta ọkọ̀ bí búrẹ́dì pàápàá, inú àpótí ni páànù ara wọn ti ń wá láti Faransé àti Brazil. Ẹni tó ń dúró de Ajaokuta kí ó tó tún ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kò fẹ́ tún un ṣe ni.

Irin pẹlẹbẹ wà lọ́jà. Ṣíìtì gééjì 20, tí nínípọn rẹ̀ kò tó mílímítà kan, ni èyí tó sún mọ́ ara ọkọ̀ àtijọ́ jù. Gééjì 18 nípọn díẹ̀ sí i, ó dára fún ilẹ̀ ọkọ̀ àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń ṣe géètì ń rà á lójoojúmọ́. Páńẹ́bítà tó mọṣẹ́ á gé páálí ní ìwọ̀n ibi tó jẹ, á fi páálí wọn ṣíìtì, á gé e, á lù ú lórí àpò iyanrìn títí tí yóò fi tẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ọkọ̀ náà ni àwòrán rẹ̀: bí fẹ́ńdà ọ̀tún bá bàjẹ́, ti òsì ń sọ bí ó ti yẹ kí ó rí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó gba sùúrù ju owó lọ.

Ibí yìí ni àwọn alátakò mi ẹgbẹ́ kejì ti ń dá mi lóhùn, àwọn wọ̀nyí sì ń bí mi nínú ju àwọn tó ń ta kílò lọ, torí wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Wọn á ní ohun tí páńẹ́bítà Lókòjà bá lù kì í ṣe ojúlówó. Ojúlówó ni wọ́n ń wá. Bí wọn kò bá rí ojúlówó, ó sàn kí ọkọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀. Ó sì máa ń dúró bẹ́ẹ̀, lórí búlọ́ọ̀kù, títí omi á fi dé. Ìjákulẹ̀ kan náà ni ẹni tó ń ta kílò àti ẹni tó ń wá ojúlówó ń mú bá wa: ọkọ̀ náà kò padà sí títì.

Kí ló ń jẹ́ ojúlówó? Ọkọ̀ tó jẹ́ ti Nàìjíríà jù nínú gbogbo ọkọ̀ ni bọ́lẹ́kájà. Ṣáàsì, ẹ́ńjìnnì àti ojú rẹ̀ nìkan ni àwọn òyìnbó ń kó wọlé, Bedford ni púpọ̀ nínú wọn. Káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn dírẹ́bà dé ìdí, pẹ́ńtà wa ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí. Ní tirẹ̀, pákó yẹn ni ojúlówó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mólúè dé sí Èkó: ṣáàsì Mercedes 911, ara tí àwọn ajórin wa jó fún un. Kò sí ẹni tó sọ pé mólúè kì í ṣe ojúlówó nítorí pé wọn kò kan án ní Stuttgart. Ìgbà wo wá ni ìwà yìí wọlé, tí páànù tí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà lù fi di ẹ̀gàn?

Àwọn tí à ń fi ojúlówó wọn yangàn pàápàá kò rò bí tiwa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ MGB dúró ní 1980. Ní 1988, British Motor Heritage kó àwọn irin ìtẹpáànù rẹ̀ àtijọ́ jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ odindi ara ọkọ̀ náà tuntun, kí ẹni tí tirẹ̀ ti jẹ lè ra òmíràn. Morris Minor, ọkọ̀ tí àwọn akọ̀wé wa gùn kí òmìnira tó dé, wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ẹ mọ ibi tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti ń ra lára páànù rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà? Sri Lanka ni! Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gun Morris Minor nítorí àìrí owó ra tuntun ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ sí, tó ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀, tó sì tà á padà fún àwọn tó ni ín. Àwọn náà ì bá sọ pé kò sí sípíà. Kí ló fi ọwọ́ wọn ju ti Nnewi lọ? Kí ló fi ju ti Suame Magazine ní Kumasi lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi òòlù àti iná gáàsì ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ ńlá ṣe?

Ọkọ̀ kan wà tí mo gbà pé kí ẹnikẹ́ni má tún ara rẹ̀ ṣe, Mercedes 230.6 dúdú tó wà ní Mùsíọ́ọ̀mù Orílẹ̀-èdè ní Oníkan, tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé 1976. Ihò ọta ìbọn tó wà lára rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ilẹ̀kùn tuntun rọ́pò rẹ̀, ó ti pa ẹ̀rí run. Ṣùgbọ́n ihò tó wà lára 504 yín, ìpẹtà ni. Kò sí ìtàn tó ń sọ ju pé ẹ kò fọ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti tẹ́. Àwọn páńẹ́bítà wa kan ló ń ṣe é tí àwọn olójúlówó fi rí ẹnu sọ. Ìpẹtà jẹ ihò sí ìdí ilẹ̀kùn. Dípò kí wọ́n gé e títí dé irin tó mọ́, wọ́n á ki nǹkan sí ihò náà, wọ́n á fi pọ́tì bò ó, wọ́n á fi sáńdípépà họ ọ́, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí i. Á dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ẹ̀ẹ̀rùn kan, òjò kan, pọ́tì á lé, ihò á ti di méjì. Ẹ fi òòfà wò ó kí ẹ tó san owó: ibi tí òòfà kò bá ti lẹ̀, pọ́tì tó nípọn ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Iná náà tún ń bẹ. Ajórin tó bá ń kánjú á fa iná gáàsì lọ gbọọrọ lórí páànù fẹ́ẹ́rẹ́, páànù á gbóná, á wú, á sì rí wúruwùru títí láé. Ẹni tó mọṣẹ́ á jó o ní tọ́ọ̀kan tọ́ọ̀kan, níbí àti lọ́hùn-ún, á jẹ́ kí ó tutù kí ó tó padà síbẹ̀. Á sì jẹ́ kí àwọn ihò kéékèèké tó wà ní ìdí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí omi lè máa rí ibi gbà jáde. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ̀dà dí wọn pa.

Gbogbo ìyẹn jẹ́ ìdí láti mú páńẹ́bítà rere, kì í ṣe ìdí láti pe ọmọlanke. A kì í sọ pé nítorí pé télọ̀ kan ba aṣọ jẹ́, kí gbogbo ìlú máa rìn níhòòhò. Ẹ tún wo owó tí à ń fẹ́ san fún wọn. Ẹni tó ń san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹni tó ń fi POP ṣe àjà ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ á fẹ́ kí páńẹ́bítà fi owó ọjọ́ kan lu ilẹ̀kùn jáde láti ara ṣíìtì. Pọ́tì ni owó yẹn lè rà.

Àwọn ohun tí òòlù kò lè ṣe wà, mi ò ní purọ́. Gíláàsì iwájú tó tẹ̀, rọ́bà etí ilẹ̀kùn, ojú iná, irin dídán ara bọ́ńpà: ìwọ̀nyí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ wá. Ti Pijó, Kàdúná ni mo máa ń kọ́kọ́ darí ènìyàn sí, nítorí ibi tí wọ́n ti tò ó ni ẹrù rẹ̀ ti kù sí ṣọ́ọ̀bù àti sí iwájú ilé àwọn tó bá ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ládìpọ̀ ní Muṣin náà dára, bí ẹ bá lè fara da ariwo rẹ̀ àti àwọn ọmọ tó ń fà yín láṣọ. Bí ìyẹn bá jìnnà jù, Àbújá kò ju bí igba kìlómítà sí wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá dé ọjà tó ní "mo fẹ́ gíláàsì 504" ni wọ́n ń dáhùn ní ọ̀rọ̀ márùn-ún. Ẹ gbé èyí tó fọ́ dání tàbí fọ́tò rẹ̀, kí ẹ mọ ọdún ọkọ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ayọ́kẹ́lẹ́ ni tàbí ẹlẹ́nu gígùn, kí ẹ ti wọ̀n ọ́n láti igun dé igun. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àgbà tó jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ọmọkùnrin tó dúró níwájú sílẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò tíì dáyé nígbà tí ọkọ̀ yín ń rìn. Ohun tí kò bá mọ orúkọ rẹ̀, á ní kò sí.

Ẹjọ́ tó gbẹ̀yìn tí wọ́n ń pè mí ni ti owó. Wọ́n ní owó tí ènìyàn máa ná sí ara ọkọ̀ àtijọ́ á ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ. Iye wo? Iye tí òṣùwọ̀n dá ni wọ́n ń sọ. Ẹ fi owó àtúnṣe náà wé owó tòkunbọ̀, kí ẹ sì rántí ibi tí owó tòkunbọ̀ dé láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù 2023. Tòkunbọ̀ tí ẹ máa rà náà, ara rẹ̀ fúyẹ́, bọ́ńpà rẹ̀ ike ni. Bí ó bá kan ògiri díẹ̀, ẹ tún ti padà sọ́dọ̀ oníṣòwò Bẹ́líjíọ̀mù, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara àlòkù, láti ra odindi òmíràn. Fẹ́ńdà 504, a lè lù ú padà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Lóòótọ́, ọkọ̀ kan wà tó ti lọ. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibi tí irin ìdádúró àti sípíríǹgì dè mọ́, bí wọ́n bá ti abẹ́ ilẹ̀kùn gbé e ní jáàkì tí jáàkì sì wọlé, ẹ má tan ara yín. Ẹ má gbé ìdílé sínú irú rẹ̀. Àtakò mi kò dé ibẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé òkú náà ní ogún tó fẹ́ pín. Ẹ tú u kí ó tó lọ: bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdérí búùtù, ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìdè wọn, gíláàsì, fẹ́ńdà, ojú iná, ọwọ́ ilẹ̀kùn, àmì tó wà níwájú. Ẹ kó àwọn bóòtù rẹ̀ sínú agolo kan ṣoṣo, torí àwọn náà ti ń wọ́n. Ẹ fi ọ̀dà kọ ọdún rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe àwọn tó ń ra kílò, kí wọ́n wá gbé ilẹ̀ tó ti jẹ. Páńẹ́bítà tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín fún. Òun ló mọ ẹni tó ti ń wá ilẹ̀kùn òsì láti ọdún tó kọjá.

Mo mọ̀ pé ìyàwó ilé á ní ọgbà òun kì í ṣe ibi ìdalẹ̀nù, ó sì jàre. Ọkọ̀ odindi tó jókòó fún ọdún mẹ́wàá ló ń kó eku àti ejò jọ. Ilẹ̀kùn mẹ́rin tí a gbé kọ́ sí ara ògiri ẹ̀yìn ilé kò gba ààyè tó ti àga kan. Ní Gadumo, ojú omi 2022 ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ògiri. Òkè ibẹ̀ ni kí ẹ kan ìṣó sí.